Òkúta Mábù Tó Wà ní Pálọ̀ Wa

Mo kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ tí mo bá jókòó sórí àga nígbà tí bàbá mi gbé tábìlì Ítálì wọ ilé wa ní Festac, ní Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n. Ẹnjiníà ará Ítálì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fún wọn nígbà tó ń padà sílé. Tábìlì kúkurú ni, irú èyí tí wọ́n ń gbé ife kọfí lé láàárín àga. Òkúta mábù funfun pẹlẹbẹ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ìlà bíi ti eérú lára. Gíláàsì ló wà lókè, irin tín-ínrín ló sì gbé e ró.

Kọfí kankan ò dé orí rẹ̀ rí. Ẹ̀yin ojúgbà mi ò ní gbàgbé bí a ṣe ń fi ìwé ìròyìn tútù nu gíláàsì láràárọ̀ Sátidé. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bùnmi, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, á fi ọwọ́ tó fi jẹ mọ́ínmọ́ín tẹ̀ ẹ́. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á ní àwọn rí àmì ìka. Èmi ni màá kúnlẹ̀ jìyà ẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá bàbá mi wá kí wa. Màmá Ìkirè là ń pè wọ́n. Wọ́n gbé dòdò Ìkirè wá, èyí tó dúdú, tí ata àti epo rẹ̀ ń ta sánsán látinú ewé. Àmọ́ bí wọ́n ṣe wọ pálọ̀, wọ́n dúró. Ọdún tó ṣáájú ni bàbá àgbà kú, bàbá mi sì ti fi mábù bo ibojì wọn.

“Irú òkúta tí o gbé lé bàbá rẹ lórí nìyí,” ni wọ́n wí. “Ṣé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kí n jókòó sí, kí n máa jẹun?”

Màmá Ìkirè ní àwọn á wọ mọ́tò ní Mile 2 láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n, ó fi aṣọ bo tábìlì náà, wọn ò gbà. Ìgbà tí bàbá mi gbé oúnjẹ tiwọn jáde, tí wọ́n jókòó ti Màmá lórí ẹní níta, ni Màmá tó gbà láti dúró. Ìta ni gbogbo wa wá ń jẹun sí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa gbé tábìlì náà lọ, ojú wọn sì fà ro.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ, ooru mú gan-an. A wá Bùnmi tì. Màmá Ìkirè ló rí i látẹnu ọ̀nà: ó ti sùn lọ sórí òkúta náà lábẹ́ gíláàsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n sáré wọlé láti gbé e, ọwọ́ wọn sì kan mábù. Wọn ò gbé ọmọ náà mọ́. Wọ́n rọra jókòó, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé òkúta náà.

“Ó tutù,” ni wọ́n sọ fún mi. “Tí oòrùn bá ti ń mú, ọkàn mi kì í balẹ̀, mo máa ń rò pé ooru ń mú bàbá àgbà yín nínú ibojì. Àṣé ibi tó tutù ni wọ́n wà.”

Wọ́n fi ìborùn nu ojú. Ibẹ̀ ni bàbá mi bá wọn nígbà tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé. Bàbá bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sílẹ̀ lódìkejì. Ẹnikẹ́ni ò tún sọ̀rọ̀ pé a fẹ́ gbé tábìlì lọ. Màmá Ìkirè dúró títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sán, wọ́n á gbé ọwọ́ lé mábù, wọ́n á máa sọ fún wa bí bàbá àgbà ò ṣe mọ ijó jó. Orí gíláàsì la ti ń jẹ dòdò, epo á kùn ún, ẹnikẹ́ni ò sì kúnlẹ̀.

Ní báyìí, èmi náà ti ní ilé ní Amuwo-Odofin. Sólà wà lórí òrùlé, ẹ̀rọ amúlétutù wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ooru kì í mú àwọn ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni n kì í rí wọn. Orí fóònù la ti ń pe ara wa wá jẹun nínú ilé kan náà. Lọ́sàn-án Sátidé míì, màá dìídì pa iná gbogbo ilé. Láìpẹ́, ilẹ̀kùn á máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kùn jáde wá sí pálọ̀, wọ́n á jókòó tì mí. N kì í tètè tan án padà.