Tún-un-kọ àti Etí Òsì Rẹ̀

Tún-un-kọ kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn akọrin ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí gbólóhùn kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Akọrin á kọ orin dé ìdajì, òun á gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn gíláàsì sítúdíò, á ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n tún un kọ." Ẹni tó bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún kò tíì rí nǹkan kan. Obìnrin kan kọ ìlà kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fi tutù nínú abọ́. Nígbà tó ń lọ, ó ní bí òun bá tún gbọ́ gbólóhùn yẹn lójú oorun, òun á ta jí ni. Ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, torí pé orin náà dùn.

Pródúsà ni Tún-un-kọ. Akọrin á mú ohùn wá, òun á wá ìlù, gìtá àti dùùrù tó bá ohùn náà mu, á kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á máa gbé èyí sókè, á máa rẹ tọ̀hún sílẹ̀, títí yóò fi di orin tí ènìyàn ń gbọ́ nínú rédíò. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fi ṣe sítúdíò. Ó lẹ fóòmù mọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi aṣọ tó nípọn dí ojú fèrèsé, síbẹ̀ ariwo maṣíìnì ń yọ́ wọlé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fẹnu kò: bó bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, á kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, á mú abẹ́rẹ́ ọwọ́, á máa fi gán bọ́tìnì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bọ́tìnì aṣọ àwọn ará àdúgbò fi le bí òkúta. Wọn ò mọ̀ pé orin ló fà á.

Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun àti akọrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe orin kan tó wọ ilé gbogbo. Wọ́n ń lù ú ní ilé onígbàjámọ̀, wọ́n ń lù ú nínú ọkọ̀, àwọn ọmọdé ń fi gbá tẹ́ńté. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, Tún-un-kọ kò ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn mọ́. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, á ní àyè ò sí. Lọ́jọ́ kan, akọrin náà wá bá a, ó ní sítúdíò ńlá kan lókè òkun ti pe òun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣẹ̀ mí o. Ọ̀nà ló là." Kò sí ìjà níbẹ̀. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, akọrin lọ, fóònù Tún-un-kọ sì dákẹ́ lọ gbári.

Nígbà tí oṣù kẹta pé tí fóònù ò dún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó pè é jókòó.

"Oníbàárà kan ṣoṣo kì í ṣe iṣẹ́," ó ní. "Ká ní ẹnì kan péré ni mò ń ránṣọ fún, ọjọ́ tó bá kó kúrò nílùú, kí ni kí n máa jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, orin kì í ṣe aṣọ."

"Ebi ò mọ̀yàtọ̀."

Tún-un-kọ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn lẹ́yìn ìyẹn. Ó ṣe orin fún ẹgbẹ́ akọrin, ó ṣe ìpolówó ọṣẹ fún rédíò, ó ṣe orin ABD fún ilé ìwé jẹ́léósinmi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọṣẹ ṣe é ní yẹ̀yẹ́ títí. Fún ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ ò wọ́n ọn, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ń lọ sílé ìwé láìdúró.

Ohun kan ṣoṣo tí kò ṣọ́ ni etí rẹ̀. Ariwo ńlá ló fi ń gbọ́ iṣẹ́. "Bí kò bá tíì gbọn igi àyà mi, kò tíì jinná," ohun tó máa ń sọ nìyẹn, á sì fi hẹ́díìfóònù sétí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Obìnrin olùkọ́ kan wà tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ẹlẹ́ni mẹ́rìnlélógún. Tísà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Wọ́n gba ohùn ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Sátidé kan, ó sì wá gbọ́ ọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fi hẹ́díìfóònù sétí, ó gbọ́ ọ tán, ó fajú ro.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àwọn tó wà lápá òsì fi ń jágbe mọ́ mi?"

"Wọn ò jágbe, mà. Òsì àti ọ̀tún dọ́gba. Mo fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n."

Tísà ò jiyàn. Ó bọ́ hẹ́díìfóònù, ó yí i sódì, èyí tó yẹ fún òsì bọ́ sí ọ̀tún, ó sì fi dé Tún-un-kọ lórí. "Ẹ gbọ́ ọ báyìí."

Ariwo tó wọ etí ọ̀tún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e kúrò lórí àga. Etí òsì ò gbọ́ ju ohun tó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yí i padà: ó dọ́gba. Ó tún yí i sódì: ariwo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yí i. Tísà jókòó, ó ń wò ó, ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín ò ní àléébù," ó ní pẹ̀lẹ́. "Ẹ lọ wo etí yín."

Tún-un-kọ ní òun á lọ. Kò lọ. Ó ra hẹ́díìfóònù tuntun, ó pààrọ̀ wáyà, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ etí. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú gbọ́ orin: àwọn iná kéékèèké kan wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń lọ sókè sódò bí ohùn bá ti ń lọ, ti òsì àti ti ọ̀tún, ó sì ń tẹjú mọ́ wọn kí wọ́n lè dọ́gba. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ká a mọ́ ọn.

"Mo pè ọ́ wá jẹun lẹ́ẹ̀mẹta."

"Mi ò gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń ronú ni."

"Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ ni mo dúró sí. Nígbà tí mo yí sí ọ̀tún, mi ò tíì pè ọ́ tán tí o ti dáhùn." Ó fa àga, ó jókòó. "Láti ọjọ́ wo?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Tísà dé orí wáyà tuntun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ títí.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá," ó ní. "O ń pààrọ̀ wáyà, etí ń lọ. Lọ́la, èmi pẹ̀lú rẹ ni."

Yàrá kékeré kan ni wọ́n fi í sí nílé ìwòsàn, fóòmù wà lára ògiri rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó rí i pé ó dára ju tòun lọ, ó sì dùn ún díẹ̀. Wọ́n ní bó bá ti gbọ́ ohùn, kó tẹ bọ́tìnì. Ní apá ọ̀tún, ó ń tẹ̀ ẹ́ wéré. Ní apá òsì, ó dúró, ó dúró, kò gbọ́ nǹkan kan, ojú sì tì í, ló bá tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó jáde, dókítà, obìnrin kan tó ti ń hewú, wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀marùn-ún nígbà tí a ò fi ohùn kankan sí i."

Tún-un-kọ wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín sínú ìborùn.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, sà?"

Ó sọ ọ́. Dókítà ní, "Èyí tó ti lọ kò ní padà. Bí ẹ bá sì ń bá a lọ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ọdún márùn-ún sí i, ọ̀tún á tẹ̀ lé òsì."

"Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ ariwo rẹ̀ sílẹ̀, débi pé ẹ ó máa gbọ́ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láì jẹ́ pé ó pariwo. Bí wákàtí kan bá pé, ẹ bọ́ síta, kí etí sinmi. Kí ẹ sì máa wá rí mi lọ́dọọdún."

Ó jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀rù bà á. Ẹni ogójì ọdún ni, kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn rí, ta ló sì máa gbé orin fún elétí kan? Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà oúnjẹ alẹ́, ìyàwó gbé àga tirẹ̀ kúrò lápá òsì ọkọ rẹ̀, ó gbé e sí ọ̀tún. Ibẹ̀ ló ń jókòó láti ọjọ́ náà.

Tísà ni Tún-un-kọ kọ́kọ́ pè. "Etí mi ni lóòótọ́, mà. Ẹ lè gbé iṣẹ́ yín lọ síbòmíràn, inú mi ò ní bà jẹ́."

"Kò sẹ́ni tó lè gba ohùn lẹ́nu àwọn ọmọ mi bíi tiyín. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín gbọ́ apá òsì. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí, ká má tíì wá sọ etí."

Ẹni tó mọ̀ tó lè ṣe é kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn sì ni ẹni tí kò wù ú láti bẹ̀. Pródúsà obìnrin kan wà ní òdìkejì ìlú, ọ̀dọ́bìnrin ni, Ṣókí ni wọ́n ń pè é nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn. Ó ti gba oníbàárà méjì lọ́wọ́ Tún-un-kọ, láti ìgbà náà bí ó bá kí i, Tún-un-kọ á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ro ẹjọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀," Ṣókí ní. "Orin méjì tẹ́ ẹ ṣe kẹ́yìn, òsì pọ̀ jù."

"O mọ̀, o ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí yín, sà."

Ojú ti Tún-un-kọ. Ó ní kó má bínú, ó sì sọ ọ́ lójú rẹ̀ gan-an. Ṣókí fa àga fún un.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ló hàn pé Ṣókí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń parí orin, kí òsì àti ọ̀tún dọ́gba, kó mọ́ bí omi, ṣùgbọ́n àwọn akọrin ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí ó bá ti tẹjú mọ́ wọn tí kò sọ̀rọ̀, ohùn wọn á há. Tún-un-kọ mọ bí a ṣe ń pa akọrin lẹ́rìn-ín títí ohùn á fi jáde. Wọ́n fẹnu kò pé Tún-un-kọ á máa gba ohùn, á sì máa to orin, Ṣókí á máa parí rẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò máa wà lára orin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì buwọ́ lù ú lórí tábìlì tí ẹ̀gbọ́n fi ń gé aṣọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jà. Orin kẹta tí Ṣókí dá padà, ìlù rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"O ti pa ìlù mi."

"Mo gbé e kúrò lórí ohùn ni, sà."

Wọ́n lu ẹ̀dà méjèèjì fún ẹ̀gbọ́n láì sọ èyí tí í ṣe ti ta ni. Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí, kò dá abẹ́rẹ́ dúró. "Èkejì. Mo gbọ́ ohun tí akọrin náà ń sọ níbẹ̀." Ti Ṣókí ni. Tún-un-kọ fajú ro odidi ọjọ́ kan, lọ́jọ́ kejì ó pè é, ó ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló dúró tì í. Ó sọ òótọ́ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́ta sì kó ẹrù wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ kiri pé pródúsà elétí kan ò lè ṣe orin ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀, èyí tó kù, ó sì dùn ún ju bó ṣe jẹ́ kó hàn lọ. Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́dún kejì, Tísà tún mú ohun mìíràn wá. Ilé ìwé rẹ̀ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú wọn ò ríran, wọ́n ń wá ẹni tó máa gba ìwé kíkà sílẹ̀ fún wọn, látorí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dé orí ìtàn. Ohùn kan ṣoṣo ni, kò sí òsì, kò sí ọ̀tún, etí kan tó, ariwo ò sì sí níbẹ̀. Sáà ilé ìwé kan, ìwé mẹ́rin. Sáà kejì, ìwé mẹ́fà. Ilé ìwé míì gbọ́, wọ́n wá. Tún-un-kọ rí i pé òun mọ iṣẹ́ náà ju bí òun ti rò lọ: láti inú mímí ẹni tó ń kàwé, ó ti mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, á sì dá a dúró kí ohùn tó ṣá. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà rán Tísà sí i pé òun máa ń mọ̀ bí ẹni tó ń kàwé bá rẹ́rìn-ín músẹ́. Tún-un-kọ sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà.

Ọdún méjìlá ti kọjá báyìí. Ọdọọdún ló ń lọ rí dókítà, etí ọ̀tún kò sì tíì yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ó ń ṣí sítúdíò ní aago mẹ́jọ, ó ń tì ní aago mẹ́rin. Òun àti Ṣókí ti ṣe orin tó lé ní igba, wọ́n sì ń jiyàn lórí ìlù títí di òní. Àwọn ọ̀dọ́ pródúsà máa ń wá béèrè irú ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n rà. Kó tó dáhùn, á ní kí wọ́n lu orin wọn bí wọ́n ṣe ń lù ú nílé, á wá dín ariwo rẹ̀ kù títí ojú wọn á fi rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn kan rò pé owó iná ló ń ṣọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń kéde ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ reluwé, ló ń ka ìwé sáyẹ́ǹsì fún un. Ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ń kà á bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Wọ́n ti dé orí tó sọ̀rọ̀ nípa omi. Nígbà tí wákàtí kan pé, Tún-un-kọ pa ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì bọ́ síta, wọ́n jókòó sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà fẹ́ jókòó sí òsì.

"Ẹ bọ́ sí apá ibí, bàbá," Tún-un-kọ ní. "Etí tó ń ṣiṣẹ́ nìyí."

Ọkùnrin náà sún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún un nípa reluwé kan tó lọ fi í sílẹ̀ nígbà tí òun gan-an ń kéde pé ó fẹ́ lọ.