Ògiri Tó Bá Balùwẹ̀ Pààlà

Ilé mọ́kànlá ni Pẹ́ńtà àti ìyàwó rẹ̀ ti wò, kò sì sí èyí tó tẹ́ Pẹ́ńtà lọ́rùn nínú gbogbo wọn. Oyún ìyàwó ti pé oṣù méje. Ilé àkọ́kọ́ ní àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógójì. Pẹ́ńtà kà á bó ṣe ń gòkè, ó tún un kà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní aláboyún tó bá ń pọn omi gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, orí àtẹ̀gùn ló máa bímọ sí. Ti ilé kẹta, ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá, ìdílé mẹ́fà ló sì ń lò ó. Ilé keje ni wọ́n ti bá ìyá onílé kan lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, tí ò tilẹ̀ dìde.

"Ẹni mélòó ni yín?" ni ìyá náà bi wọ́n.

"Àwa méjì náà ni, mà," Pẹ́ńtà dáhùn.

Ìyá náà na ìka sí ikùn ìyàwó. "Èyí ńkọ́? Ṣé àlejò ni?"

"Kò tíì dé ni, mà," ni ìyàwó fèsì.

"Tó bá dé, á máa sunkún. Èmi ò gba ẹni tó ń sunkún sílé mi. Ẹ máa lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà wọ́n."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ìta. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́bàá ọ̀nà, tó ní kí ọkọ òun jẹ́ kí òun mí.

Iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ló ń ṣe nílé alágbàfọ̀ ńlá kan. Orí ìdúró ló ń wà láti àárọ̀ títí di aago márùn-ún, tí ooru omi gbígbóná ń fẹ́ sí i lójú, tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn àti aṣọ tábìlì ilé ìtura. Ọdún kẹfà rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà nìyí. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó, imú rẹ̀ ò sì dá òórùn ọ̀rinrin mọ̀ mọ́, torí kò sí ọjọ́ tí kì í gbóòórùn rẹ̀.

Ní ti ọkọ, ilé ló ń kùn, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn, títí kan ìyàwó rẹ̀, fi ń pè é ní Pẹ́ńtà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń bá àwọn onílé wá ayálégbé, tí wọ́n ń pè ní Éjẹ́ǹtì. Tí ayálégbé bá kó jáde láàárọ̀, Pẹ́ńtà á wọlé lọ́sàn-án. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń mú ẹlòmíràn wá wo ilé. Ó mọ ohun tí òdà lè bò, ó sì mọ iye ọjọ́ tó lè bò ó mọ. Nítorí náà, ilé tí wọ́n bá dé, á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri, á fi ìka kàn án kó-kó-kó, á ti imú bọ kọ̀rọ̀.

"Ṣé ògiri lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ilé lo fẹ́ gbà?" ìyàwó máa ń bi í.

"Ọmọ mi ò ní sùn síbi tó tutù," ni yóò sọ. Kò sí ilé tí kò ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn ilé mọ́kànlá, sùúrù ìyàwó tán. Ní Ọjọ́rú kan tí Pẹ́ńtà wà lórí àkàbà níbi iṣẹ́, ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ wo yàrá kan àti pálọ̀. Ó wù ú. Owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́ta ló kó kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó san ti ọdún kan, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ wálé.

"Mo ti sanwó," ló sọ fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ bàtà. "Tó bá di ọjọ́ Àìkú, a jọ máa lọ wò ó. Àmọ́ tó o bá gbá ògiri kankan níbẹ̀, màá gbá ìwọ náà."

Pẹ́ńtà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé ẹnì kan ti bá òun parí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, láti ìta ló ti mọ ilé náà. Ó mọ géètì rẹ̀ tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò tíì bẹ̀rù jù, torí ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú yàrá wọn ló sì ní àbùkù lára. Ìyàwó rẹ̀ kọjá èkíní. Ó kọjá èkejì. Ó kọjá ẹ̀kẹta. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ìkẹyìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni Pẹ́ńtà kun yàrá yẹn ní ọ̀sán kan péré. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ bá balùwẹ̀ tí gbogbo ilé ń lò pààlà. Páìpù ti bẹ́ nínú ògiri náà, omi ń jò sínú búlọ́ọ̀kù láìdúró, ògiri sì ti bu, ó dúdú láti ilẹ̀ dé ìbàdí èèyàn. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fọ́ ibẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ páìpù, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ fún oṣù kan gbáko. Oṣù kan láìsí ayálégbé ni onílé ò lè gbọ́ sétí. Éjẹ́ǹtì ní kó ha dúdú yẹn kúrò, kó sì fi òdà bò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Obìnrin tó ń kó jáde ṣì ń di ẹrù lọ́jọ́ náà. Ó pọn ọmọ ọdún méjì, àyà ọmọ náà sì ń súfèé.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kùn yẹn, kí ló máa ṣe fún ògiri yìí?" ni obìnrin náà bi í.

"Á rí bíi tuntun."

"Mi ò bi yín bó ṣe máa rí," obìnrin náà sọ, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ jáde.

Pẹ́ńtà kùn ún, ó gbowó, ó lọ. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ tó ti kùn fún Éjẹ́ǹtì á tó ogójì, kò sì mọ orúkọ ẹnì kankan tó wọlé sínú èyíkéyìí nínú wọn. Ti èyí ló wá mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ògiri ẹ̀yìn. "Wo bó ṣe ń dán. Ẹni tó kun ibí mọṣẹ́ jù ẹ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ibí la máa gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí."

"Jẹ́ ká gbé e sí ọ̀dọ̀ fèrèsé."

"Kí òjò máa fẹ́ sí i lára?"

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni Éjẹ́ǹtì ti wọlé, ó mú ìwé tí ìyàwó máa fọwọ́ sí dání. Ó wo ìyàwó, ó wo ọkọ, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Pẹ́ńtà tèmi. Ìyàwó ẹ nìyí? O ò sọ fún mi rí. Ìyàwó wa, ọkàn yín balẹ̀. Ilé tí ọkọ yín mọ̀ dáadáa lẹ bọ́ sí."

"Ó mọ̀ ọ́n?" ìyàwó bi í.

"Kò sí ilé tí ò mọ̀ ládùúgbò yìí," ni Éjẹ́ǹtì sọ. Ojú Pẹ́ńtà ló ń wò.

Pẹ́ńtà fà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba owó yìí padà."

"Ó ti dọ́wọ́ onílé. Kí ló ṣe ilé náà?"

"Ẹ mọ ohun tó ṣe é."

"Èmi ò mọ nǹkan kan. Ògiri tó mọ́ ni mo rí. Tí ìwọ bá mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, wọlé lọ sọ fún ìyàwó ẹ, màá dúró dè ẹ́ níbí. Má gbàgbé láti sọ ẹni tó bò ó fún un." Ó ká ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Kó o tó wọlé, ilé mẹ́ta ń bẹ tó yẹ kó o kùn lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé kí n pe ẹlòmíì ni?"

Pẹ́ńtà dúró ṣírò ó. Òótọ́ máa ná an ní iṣẹ́ rẹ̀ àti ojú tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wò ó. Irọ́ ò tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú èyí tó rọrùn. Ó wọlé lọ, ó ní àdúgbò náà láriwo jù.

"Ariwo," ìyàwó tún un sọ. Kò sí ohùn kankan níta. "Ilé mọ́kànlá lo rí àbùkù sí lára. Èyí tí mo fi òógùn ojú mi san, o tún rí tiẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí níbi tó máa gbé, àbí o fẹ́ kí n máa gbé e kiri nínú ikùn báyìí lọ?"

Wọ́n kó wọlé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òdà wú lára ògiri bí ibi tí omi gbígbóná jó lára èèyàn. Ìyàwó wà níbi iṣẹ́. Pẹ́ńtà sáré wálé lọ́sàn-án, ó fi abẹ bẹ́ ibi tó wú, ó tẹ omi inú rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì kun òmíràn lé e lórí. Nígbà tí ìyàwó dé, kò gbóòórùn ọ̀rinrin, òórùn òdà ò sì ṣàjèjì lára ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti ń pé ló ń ṣe é.

Ó lọ bá Éjẹ́ǹtì nítorí páìpù. "Onílé ní kò sí ayálégbé tó fẹjọ́ sùn," ni Éjẹ́ǹtì sọ. "Jẹ́ kí ìyàwó ẹ wá fẹjọ́ sùn, ká lè ṣe é."

Wọ́n bí ọmọ náà, obìnrin ni. Ní gbogbo ìgbà tí ìyàwó fi wà nílé, ọjọ́ tó bá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Pẹ́ńtà ń rí ògiri kùn. Nígbà tó di ọmọ oṣù mẹ́ta, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gbé etí lé ẹ̀yìn ọmọ náà, ó sì fajú ro.

"Ṣé ilé yín tutù? Ṣé omi ń jò níbì kan? Ṣé ògiri yín dúdú?"

Díẹ̀ ló kù kí ìyàwó rẹ́rìn-ín. "Mà, pẹ́ńtà lọkọ mi. Kò sí ògiri tó mọ́ tó tiwa."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. "Bàbá ọmọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Kò sí Éjẹ́ǹtì níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló yẹ kó sọ: ó tutù.

"Ó gbẹ, mà," ni Pẹ́ńtà sọ.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. "Iṣẹ́ wo ni ìyá ọmọ ń ṣe?"

"Mò ń lọ aṣọ nílé alágbàfọ̀, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà síbẹ̀ ni."

"Ẹ̀ẹ́n, ó yé mi. Ọṣẹ líle tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn yẹn, ara lẹ fi ń gbé e wálé, ẹ ó sì tún gbé ọmọ sáyà. Ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń pa ọmọ yín lára. Ṣé owó tí wọ́n ń fún yín níbẹ̀ tó ẹ̀mí ọmọ ni?"

Ìyàwó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ aṣọ ọmọ. Kò yọ wọ́n títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

"Ọwọ́ mi yìí ni," ló sọ.

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Kò fi nǹkan kan kún un.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyàwó fi iṣẹ́ ọdún mẹ́fà sílẹ̀. Kó tó gbé ọmọ, á fọ ọwọ́ dé ìgúnpá lẹ́ẹ̀mẹta, títí awọ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Pẹ́ńtà ń rí i. Ó ń bá a gbé omi. Inú yàrá ni ìyá àti ọmọ ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú fèrèsé títì kí eruku má baà wọlé. Pẹ́ńtà ò wá rí ọ̀sán kankan kun ògiri mọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyàwó rí ibì kan tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ó fìka tẹ̀ ẹ́, omi sì tú sí i lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó padà wá, ó fa etí ibẹ̀, ó bó wá bí aṣọ tó tutù. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn sì tún wà lábẹ́ ìyẹn. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà ya aṣọ tútù kúrò lára ara wọn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí kì í fi í ya.

Nígbà tí Pẹ́ńtà máa fi wọlé ní aago márùn-ún, ògiri ti wà ní ìhòòhò, ó dúdú. Awọ òdà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó ti tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti pọn ọmọ.

"Mẹ́jọ ni," ìyàwó sọ. "Èwo nínú wọn lo kùn kí n tó sanwó?"

Ó lè ní kò sí. Ó wò wọ́n títí, ó sì fìka kan méjì tó wà ní ìparí.

"O gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ sí mi."

"Mo gbọ́."

"Ò ń wò mí bí mo ṣe ń fọ ọwọ́."

"Mò ń wò ẹ́."

Ìyàwó mú báàgì aṣọ ọmọ, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jáde. Yàrá kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n yẹn ní, ọmọ mẹ́rin ló sì ń sùn sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ògiri rẹ̀ gbẹ.

Nílé alágbàfọ̀, wọ́n ti gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Owó ilé ṣì ku oṣù mẹ́fà, onílé ò sì dá a padà, nítorí náà Pẹ́ńtà ló ń gbé ibẹ̀. Ó ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ní Àìkú kẹrin, ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó sì dúró sí àlàfo rẹ̀.

"Àyà ọmọ ti ń fúyẹ́," ló sọ. "Ó ń sùn dáadáa."

"Ẹ jẹ́ kí n rí wọn, ẹ̀gbọ́n. Ìṣẹ́jú kan péré."

Ohùn ìyàwó rẹ̀ wá láti inú yàrá. "Ẹ̀gbọ́n, ta nìyẹn?"

"Pẹ́ńtà ni."

"Ẹ sọ fún un pé a ò ní nǹkan tá a fẹ́ kùn."

Ẹ̀gbọ́n wo Pẹ́ńtà lójú. Kò tún un sọ. Ó rora ti ilẹ̀kùn, kó má baà jí ọmọ.