Atọ́nà Tí Kì Í Gun Ilé Aago

Ogún ọdún ni Atọ́nà fi ń mú àlejò rìn káàkiri ìgboro. Iṣẹ́ rẹ̀ ló di orúkọ rẹ̀. Ó mọ ilé tí wọ́n kó ohun àtijọ́ sí, ó mọ ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra, ó sì mọ ibi tí àlejò lè tọ̀ sí láìsanwó.

Àléébù kan ló ní. Kò gun ilé gogoro aláago rí, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo àlejò ń tìtorí ẹ̀ wá. Bó bá gun àga lásán láti pààrọ̀ gílóòbù, ṣe ni á rọ̀ mọ́ ògiri. Ìdí òpó iná nísàlẹ̀ ló máa ń dúró sí, tí á máa fọ́nnu:

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gùn ún! Tí ẹ bá dókè, ẹ kọjú sódò. Ẹ ó rí ilé kan, òrùlé rẹ̀ pupa bí ata."

Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ fún un. Obìnrin náà ló ń gbálẹ̀ òkè ilé aago. Tí wọ́n bá ń jẹun, á ròyìn ohun tó rí, ọkọ á há a sórí.

Ìyàwó kú lọ́dún tó kọjá. Ìròyìn dúró, Atọ́nà ò dúró.

Àwọn àlejò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá, a ò rí òrùlé pupa kankan o. Ilé alájà mẹ́wàá la rí."

"Ẹ ò wò ó dáadáa ni."

Lọ́jọ́ kan, ìyá ìyàwó rẹ̀ dé láti ìlú wọn, tòun tọ̀pá. Atọ́nà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, àna mi. Ibi tí ọmọ mi ti ṣiṣẹ́ ni mo wá wò. Ìyẹn nìkan."

Atọ́nà kọ́kọ́ mú un lọ sórí afárá. Ó mú un wọkọ̀ ojú omi. Ó fi ohun àtijọ́ hàn án títí tí màmá fi ní, "Ṣé o fẹ́ fi mí sílẹ̀ síbí kí wọ́n kó mi mọ́ wọn ni?"

Ìgbà tí ibòmíì ò kù mọ́, wọ́n dé ìdí ilé aago.

"Màmá, ẹ máa gòkè. Màá bá yín di ọ̀pá mú níbí."

"Ta ló máa fi ibi tí ọmọ mi ń gbá hàn mí?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, Mà."

"Ẹsẹ̀ tí o fi ń yí ìlú po láti àárọ̀?" Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ti sọ fún mi, ọkọ òun ń bẹ̀rù àga. Wá, di aṣọ mi mú. Tá a bá máa já bọ́, ká jọ já."

Ta ló tó kọ̀ sí ìyá ìyàwó lẹ́nu? Ó di etí aṣọ mú bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àtẹ̀gùn igba ó lé méjìlá, ó dijú gun gbogbo rẹ̀. Arúgbó ló ń sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́, ó kù díẹ̀."

Lókè, ó la ojú kan. Lóòótọ́ ni, kò sí òrùlé pupa mọ́. Ìgbálẹ̀ kan fara ti ògiri. Màmá gbé e, ó gbá ibi tó dúró sí. Lẹ́yìn náà ló nàka sísàlẹ̀.

"Òpó iná tìẹ nìyẹn?"

"Òun ni, Mà."

"Ọmọ mi ní ibẹ̀ lòun máa ń kọ́kọ́ wò láràárọ̀. Ó ní orí ẹ ń pá láàárín, òun ò kàn fẹ́ sọ fún ẹ."

Atọ́nà fọwọ́ kan àárín orí. Òótọ́ ni. Ó la ojú kejì.

Kò gun ilé aago mọ́ láti ìgbà náà o. Ìdí òpó náà ló ṣì ń dúró sí. Àmọ́ ó ti yí ọ̀rọ̀ padà:

"Tí ẹ bá dókè, ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí ọkùnrin kan tí orí ẹ̀ pá láàárín. Ẹ juwọ́ sí i."