Ilẹ̀kùn Tó Ń Ṣí ní Aago Mẹ́rin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílùú Ìbà, l'Ékòó. Ó ti tó ogójì ọdún, ṣùgbọ́n orí mi ṣì máa ń wú bí mo bá rántí.

Káfíńtà ni mí. Òkokomáìkò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nígbà náà, ilé àtijọ́ ni mo sì fẹ́ràn jù láti tún ṣe. Bọ̀dá Ṣẹ́gun, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, pè mí sí ilé amọ̀ tí bàbá wọn tó ti kú kọ́. Wọ́n fẹ́ háyà yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá ìyá wọn máa ń ṣí fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ta ló fẹ́ gba yàrá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀?

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Inú yàrá yẹn ni wọ́n sin bàbá sí, ẹ ṣáà mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń sin àgbà sílé. Ilẹ̀ orí sàréè ti rì, ó sì ti fa férémù ilẹ̀kùn wọ́. Láàárọ̀, ìrì á mú kí pákó wú, ilẹ̀kùn á há. Tó bá di aago mẹ́rin, oòrùn á ti gbẹ ẹ́, á wá rọra ṣí: kíììì! Ṣé ẹ rí i? Kò sí iwin níbẹ̀!

Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wò mí. Wọ́n kàn bi mí bóyá ó pọn dandan kí n tún ilẹ̀kùn náà ṣe. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ wo agọ̀ mi! Mi ò béèrè ìdí tí wọ́n fi bi mí.

Mo da kọnkéré sílẹ̀, mo ki pákó sábẹ́ férémù títí ó fi dúró ṣánṣán. Ilẹ̀kùn dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bọ̀dá Ṣẹ́gun sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá wọn ò jẹun mọ́, wọn ò sì sọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

A débẹ̀ nígbà tí aago mẹ́rin ku díẹ̀. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kó má baà padé. Wọ́n ti rù hangogo. Wọ́n ní aago mẹ́rin ni bàbá máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú, àkókò yẹn náà ni ilẹ̀kùn ń ṣí.

“Káfíńtà, o ti ti ọkọ mi mọ́ta. Èmi ni mo wá ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ti ń rẹ̀ mí.”

Omi bọ́ lójú mi. Iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn! Bọ̀dá Ṣẹ́gun nawọ́ sí àpò irinṣẹ́ mi.

A gbé màmá padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo yọ pákó abẹ́ férémù, mo pa ilẹ̀kùn dé, a sì dúró. Kò pẹ́, ó rọra ṣí. Kíììì!

Mo mọ ohun tó ṣí i. Ṣebí èmi ni mo yọ pákó! Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá rẹ́rìn-ín tí wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ mà pẹ́,” mi ò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bọ̀dá Ṣẹ́gun náà ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ta là ń kí? Ẹ má bi mí.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ ilé àtijọ́, mo kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbébẹ̀ ohun tí wọn ò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà nílé àwọn òbí yín tí ẹ ò ní jẹ́ kí káfíńtà tún ṣe? Ẹ sọ fún mi.

Ilẹ̀kùn tiwa náà ti ń dún. Ìyàwó mi ní kí n má tún un ṣe.