Lẹ́tà Tí Marcy Kọ Lórúkọ Ọmọ Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀, ẹ wá sí ilé ìwòsàn eyín tiwa ní Shrewsbury, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ẹ bèèrè Marcy Pelletier. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń fọ eyín fún gbogbo ìlú, ọdún méjìlá ni èmi náà sì ti ń jókòó nídìí tábìlì ìgbàlejò níbẹ̀. Ọwọ́ Marcy kì í gbọ̀n lẹ́nu aláìsàn. Ọ̀rọ̀ Brynn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nìkan ló máa ń kó jìnnìjìnnì bá a.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Brynn. Ó ga, ó sì mọ ọkọ̀ alájẹ̀ wà lórí adágún wa ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Yunifásítì kékeré kan ní Maine ni màmá rẹ̀ fojú sí, níbi tí wọ́n ti ń mú ọmọ mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún tó bá bèèrè. Ọ̀nà kan tó yá díẹ̀ ni ti kóòṣì tó ń kọ́ wọn ní ọkọ̀ alájẹ̀ ní yunifásítì náà. Orúkọ mẹ́fà ni Kóòṣì Hallworth lè gbé lọ bá àwọn tó ń gbani wọlé lọ́dọọdún, kò sì ní gbé ti ẹni tí máàkì ìdánwò àṣewọlé yunifásítì rẹ̀ kò bá tó 1450 nínú 1600. Brynn ti gba 1390. Ìdánwò oṣù kẹjọ nìkan ló kù.

Àwọn òbí tó máa ń dúró létí adágún yẹn á máa rẹ́rìn-ín síra wọn, wọ́n á ní àwọn ò tiẹ̀ tíì ro ọ̀rọ̀ yunifásítì. Irọ́ ni. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Níbi tiwa yìí, ọmọ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa kọ̀wé sí kóòṣì. Òbí tó bá kó ara rẹ̀ sí i lè ba ti ọmọ jẹ́. Marcy mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ohun tó ṣe ni pé ó ṣí ímeèlì lórúkọ Brynn, ó fi páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó wá ń kọ̀wé bí ọmọdé. Ó bi mí lẹ́nu oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ kan:

“Ṣé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún á sọ pé ‘inú mi dùn jọjọ’?”

“Ọmọ tèmi kì í sọ ju ‘hẹn’ lọ.”

“Ìwọ ò ní ràn mí lọ́wọ́ láéláé.”

Ó yẹ kí n sọ fún un níjọ́ yẹn pé kó jáwọ́. Mi ò sọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń jẹ búrẹ́dì mi lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Máàkì jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ kan: 1460. Marcy pariwo débi pé aláìsàn tó wà lórí àga la ẹnu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó là á. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kóòṣì pe Brynn. Bí Marcy ṣe rò ó fún mi nìyí. Ó ní orí tábìlì kíṣìnnì ni fóònù wà, àwọn ti jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta kí òun náà lè gbọ́. Kóòṣì kí ọmọ kú oríire, ó wá ní:

“O kọ ọ́ sí mi pé látọmọdé lo ti mọ̀ pé orí omi layé ẹ wà. Báwo lo ṣe mọ̀?”

Brynn wo màmá rẹ̀. Marcy fa ìwé kan ya, ó kọ èsì sí i gàdàgbà, ó nà án sí i. Ọmọ ò kà á.

“Kóòṣì, ẹ má bínú. Màmá mi ló kọ ọ́.”

Marcy rún ìwé náà mọ́wọ́.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá Brynn,” ni kóòṣì wí. “Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Brynn, kọ tìẹ sí mi. Ìlà mẹ́ta ti tó. Kó dé ọwọ́ mi kó tó di ọ̀sán ọ̀la, kí màmá ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Nígbà tí Brynn ń kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, Marcy dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

“Brynn, ṣé o dárúkọ 1460?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ.”

Lọ́jọ́ Ajé, èsì wọlé sórí fóònù Marcy, nítorí inú ímeèlì tí òun ṣí yẹn ni Brynn ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́, lẹ́yìn tó gba páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ òun. Ó sáré wá bá mi tòun ti ìbọ̀wọ́.

“Bá mi ṣí i. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Mo ṣí i. Kóòṣì dúpẹ́ fún òótọ́ tí ọmọ sọ. Ó ní òun ò lè di àyè kan mú fún un nínú orúkọ mẹ́fà náà, òun ti fún ẹlòmíràn. Bó bá ṣì fẹ́ wá, kó gba fọ́ọ̀mù bí gbogbo èèyàn. Ohun tí Brynn kọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀:

“Kóòṣì, mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà. Mo kàn mọ̀ ọ́n wà ni. Kò sẹ́ni tó bi mí rí ṣáájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ kí n fi mọ̀.”

Marcy kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé yóò figbe ta.

“Ọdún mẹ́rin ló ti ń wa ọkọ̀ yìí,” ló wí. “Ṣé lóòótọ́ ni mi ò bi í rí?”

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó pe ọmọ lórí fóònù, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta.

“Brynn, mo ti kà á.”

“Ṣé ẹ̀ ń bínú?”

“Kí lo fẹ́, ọmọ mi?”

Ọmọ bú sẹ́kún.

“Mi ò mọ̀, Mọ́mì.”

Marcy la ẹnu láti sọ ohun tó yẹ kó fẹ́ fún un. Ó wá fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀, ọmọ ń sunkún lórí fóònù, òun náà ń sunkún.