Yàrá Funfun Kò Gba Ọbẹ̀

Bí ẹ bá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbi tó ti ń rán aṣọ ìyàwó, ẹ máa rò pé yàrá iṣẹ́ abẹ lẹ wọ̀. Ẹ óò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ óò fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, wọn á sì fún yín ní aṣọ àwọ̀lékè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Yàrá Funfun ni wọ́n ń pè é. Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù náà ní. Iwájú ni wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, tí wọ́n ń pààrọ̀ síìpù, tí wọ́n sì ń rán yunifọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn ni ti funfun, ẹ̀yìn náà sì ni gbogbo télọ̀ tó bá mọyì ara rẹ̀ ń fẹ́ wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ̀gá ẹ̀yìn. Ọwọ́-Òwú ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lórí aṣọ débi pé ẹ ò lè rí ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá rán bọ́tìnnì kan ṣoṣo, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀.

Òfin kan ló le jù níbẹ̀: yàrá funfun kò gba ọbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó débẹ̀, ọbẹ̀ kán sí àyà aṣọ ìyàwó kan lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wá gbé e. Títí dòní ni Màdámù tó ni ṣọ́ọ̀bù ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn òkú ọ̀fọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọbẹ̀, kò sí epo, kò sí èso tó lómi nínú. Nǹkan tí kì í kán síta nìkan ló ń wọlé: bísíkíìtì inú ọ̀rá, kéèkì pélébé tí wọ́n dì, àti wàrà aládùn inú páálí tí wọ́n ń fi ọ̀pá rọ́bà fà mu. Bí ìgbà ìgbéyàwó bá sì dé, ta ló ráyè bọ́ aṣọ, kó jáde lọ jẹun, kó tún padà wá fọwọ́ dé ìgúnpá?

Lọ́dún tó kọjá ni nọ́ọ̀sì ọsibítù sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó ní àtọ̀gbẹ. Inú ilé kan náà là ń gbé, èmi, òun àti ọkọ rẹ̀, èmi ni mo sì ń dáná. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé bí oúnjẹ ṣe gbọ́dọ̀ rí, mo sì gbà á bí ẹni gba ogun. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin, ohun gbogbo níwọ̀n. Mo kó ṣúgà kúrò nílé pátápátá. Ọkọ rẹ̀ ń mu tíì kíkorò, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ránṣẹ́ pe àìsàn náà.

Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ibẹ̀ lókè ni. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dáná, kí lẹ̀ ń fún wọn jẹ gan-an? Bó bá ń báyìí lọ, ojú wọn ló máa mú, tàbí ẹsẹ̀ wọn."

Ara mi bù máṣọ. Mo délé, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo sunkún. Ta lèmi fẹ́ bá jà? Ẹ̀gbọ́n mi náà ò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní òwú ti ń di méjì lójú òun, ẹsẹ̀ òun sì dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ní alaalẹ́ ni ọkọ rẹ̀ máa ń bi í pé, "Ṣé o jẹun níbi iṣẹ́?" Òun náà á dáhùn pé, "Mi ò jẹ nǹkan kan." A tiẹ̀ ń yìn ín pé ó ń kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ó gbàgbé oògùn rẹ̀ sílé lọ́jọ́ kan, mo sì gbé e lọ fún un lọ́sàn-án. Láti ara ilẹ̀kùn onígíláàsì ni mo ti rí i. Ó ti bísíkíìtì kan bọ ẹnu, òfìfo ọ̀rá mìíràn wà lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, páálí wàrà aládùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sá wọlé, díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé láti bọ́ bàtà.

"Àǹtí mi, kí lẹ̀ ń jẹ yẹn?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan o. Mo kàn fi nǹkan panu ni."

Mo wo ojú rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tí kò bá gba àwo, tí kò ní ọbẹ̀, tí ẹnìkan ò jókòó tì, ẹ̀gbọ́n mi ò kà á sí oúnjẹ. Kí n má purọ́, èmi náà ò kà á sí oúnjẹ títí dọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì ti bi wá léraléra pé kí ló ń jẹ, kò sì wá sí wa lọ́kàn rí láti dárúkọ bísíkíìtì.

Ó na ọ̀rá náà sí mi. Àwòrán obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sáré wà lára rẹ̀, pẹ̀lú hóró ọkà àti oyin tó ń kán.

"Wò ó dáadáa. Oyin ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ ni."

Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Lẹ́tà ẹ̀yìn kéré bí ojú èèrà, ojú ẹ̀gbọ́n mi ò sì gbé e mọ́. Èmi ni mo kà á fún un. "Ṣúgà ló ṣáájú, Àǹtí mi. Oyin tẹ̀ lé e. Omi ṣúgà tún wà lẹ́yìn oyin. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn!"

Àwọn tó kù nínú yàrá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

A jọ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo rò pé ó máa pariwo, ṣùgbọ́n ó rọra sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe májèlé, Ìyá. Bẹ́ ẹ bá jẹ ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ gidi, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ sì kà á mọ́ oúnjẹ, a lè fún un láyè. Àmọ́ tiyín yìí, òun gan-an loúnjẹ yín láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ máa jẹ oúnjẹ gidi lọ́sàn-án."

"Yàrá funfun ò gba ọbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ jáde lọ jẹ ẹ́ nígbà náà."

Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún Màdámù, kò bínú, ó ní kó bọ́ sí yàrá iwájú, níbi tí wọ́n ti ń jókòó yí tábìlì ìlọṣọ ká jẹun lọ́sàn-án. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ń jáde ò lè mú aṣọ funfun lásìkò yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. "Kí n lọ máa gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò? Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí?" Ó ní òun á dín bísíkíìtì kù. Ó dín in kù lóòótọ́, ebi wá ń pa á, ó sì tún padà sídìí ọ̀rá. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

"Ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run," ni mo sọ fún un nínú ìbínú.

"Ọ̀nà ọ̀fun kọ́ ni mò ń tọ̀. Iṣẹ́ mi ni mò ń dì mú," ló dá mi lóhùn. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ̀, ẹ̀rù náà ló sọ mí di oníjà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀ lọ́sàn-án láti ṣọ́ ọ, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo débẹ̀, ìyàwó ojú ọ̀nà kan dúró sórí àpótí, ó wọ aṣọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ náà parí. Lójijì ni ìyá ìyàwó náà lọgun. Ẹ̀kán pupa tò tẹ̀ lé ara wọn létí aṣọ funfun náà.

Màdámù sáré dé. "Ta ló gbé ọbẹ̀ wọlé? Ta ni, mo ní?"

"Kì í ṣe èmi o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí gbogbo wọn rí i pé ó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti orí ìka rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti ń gún un látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ etí aṣọ náà.

Ó gbé ìka náà súnmọ́ ojú rẹ̀, ó wò ó títí. "Kò dùn mí," ló wí. Ó yíjú, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. "Àbúrò mi, kò dùn mí rárá."

Omijé bọ́ lójú mi. Òun ò sunkún. Ó di ìka rẹ̀, ó fi omi tútù fọ ẹ̀jẹ̀ náà títí kò fi kù, ó sì rán aṣọ náà parí. Lẹ́yìn náà ló bọ́ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e.

Iwájú ló wà báyìí. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní òun ò lè ṣèlérí pé ìka yẹn á tún mọ nǹkan lára. Wọ́n gba ẹlòmíì sí ẹ̀yìn. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn onígíláàsì yẹn, apá kejì ló máa ń wò.

Lánàá, nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ bi í bó ṣe máa ń bi í. "Ṣé o jẹun níbi iṣẹ́?"

"Mo jẹun," ló wí. Ó nawọ́ sí àyà bùláọ̀sì rẹ̀ níbi tí ọbẹ̀ ẹ̀wà mi ti kán sí. Èmi àti ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń fi ìka yẹn ra ojú àbàwọ́n náà, ó ń wò ó bóyá ìka náà á mọ ibi tí àbàwọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀.