Òjé Inú Ìkòkò Frau Zschoche

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Frau Reinhild Zschoche, ìyáàfin òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí kan, fi ń fún irin pọ̀ nílùú Dresden, kò sì sí irin kan tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn rí.

Irin tí wọ́n ń gbé fún un kì í ṣe irin lásán. Àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù inú wọn, tó yẹ kó máa sáré gbé iná kiri, a máa wọ́sẹ̀ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí a bá dé irú irin bẹ́ẹ̀ mọ́ inú ìkòkò irin kékeré, tí a fún un pọ̀ dójú àmì, agbára òòfà rẹ̀ á kú. Nínú òtútù tó burú jáì, iná á wá máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà. Ìnira ló ń sọ ọ́ di ẹni iyì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àwọn kọ́ ni wọ́n ń fún pọ̀.

Frau Zschoche ló ń di ìkòkò náà. Ìwé ìwádìí tó ti inú rẹ̀ jáde ju ọgọ́rin lọ, orúkọ rẹ̀ ò sì sí lórí ẹyọ kan.

Àfi ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hagedorn, tí kò tíì lo ọdún kan nílé ìwádìí náà, já wọlé pẹ̀lú bébà lọ́wọ́.

"Frau Zschoche, ẹ wá wo nǹkan! Iná ń gba inú irin wa kọjá fàlàlà ní dígírì mẹ́fà àbọ̀ sókè ibi tí òtútù parí sí! Tàwọn ẹlòmíì ò kọjá méjì. Mò ń kéde rẹ̀ níbi àpérò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ wobí."

Orúkọ Frau Zschoche ni, ìkẹta lórí ìwé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló wá ka iye dígírì náà.

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé a máa ń fi òjé bíńtín sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin nínú ìkòkò. Ní dígírì méje ni iná ń gba inú òjé kọjá láìsí ìdènà. Bí a bá ṣe ń fún un pọ̀ ni iye yẹn ń wálẹ̀, òun la fi ń mọ bí ìfúnpọ̀ ṣe le tó. Ìkòkò tuntun yìí há, ni Frau Zschoche bá fi òjé sínú wáyà kan náà tó ń wọn iná inú irin, tí ẹ̀rọ fi ń ka méjèèjì pọ̀.

Ó lè dákẹ́. Ó gé kéèkì tó wà lórí tábìlì rẹ̀ jẹ, ó gbé e mì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, òjé lẹ rí."

"Òjé wo?"

"Òjé tèmi. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ayé bàbá bàbá yín."

Ọkùnrin náà wá àga jókòó. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, ojú ewé kejìlélógún. Ẹ tiẹ̀ buwọ́ lù ú."

Wọ́n fa ìkéde náà ya, torúkọ-torúkọ.

Gotthard ọkọ rẹ̀, awakọ̀ táàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ alẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà! Ká ní o panu mọ́ ni, gbogbo ayé ni ì bá mọ orúkọ ẹ."

"Wọn ì bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́," Reinhild ń bó ọ̀dùnkún lọ. "Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n rí òjé náà, wọn ì bá tún mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ."